Ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣòwò Fort Myers Beach rí ibi tajà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ nítorí àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Fort Myers Beach, ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ìlú kékeré ni, lórí erékùṣù Estero. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 6,000 nígbà ìkànìyàn ọdún 2020. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìjì Ian jà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré tó 240 kìlómítà ní wákàtí kan, omi òkun sì ya wọ ìlú, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù, hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké, títí kan afárá gígùn tí àwọn àlejò máa ń rìn wọ inú òkun, omi gbá wọn lọ. Ní San Carlos Island tó wà nítòsí, omi gbé ọkọ̀ àwọn apẹja edé jù sórí ilẹ̀, ọ̀kan gun orí èkejì.

Ìjì yìí kan náà ló gé ọ̀nà tó lọ sí erékùṣù Sanibel. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá, ìjọba ti tún un ṣe débi tí mọ́tò ń gba orí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Ó fi hàn pé ìjọba lè yára bó bá wù ú. Kí ló wá dé tí ẹni tó ń ta oúnjẹ tàbí aṣọ ìwẹ̀ fi ń fi ọdún dúró?

Òfin kan wà níbẹ̀ pé bí owó àtúnṣe ilé bá ti tó ìdajì iye tí ilé náà tó kí ìjì tó jà, wọ́n gbọ́dọ̀ mú gbogbo rẹ̀ bá ìlànà tuntun mu. Lẹ́bàá òkun, ohun tí ìyẹn sábà máa ń jẹ́ ni pé kí wọ́n wó ilé, kí wọ́n tún un kọ́ sórí òpó gíga. Òfin tó dára ni, ẹ̀mí èèyàn ló ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ta ló lówó rẹ̀? Ìbánigbófò tó wà fún ìjì kì í sanwó fún àgbàrá omi. Ti omi tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe kì í san ju 500,000 dọ́là lọ lórí ilé okòwò kan, kì í sì í san kọ́bọ̀ fún ọjà tí èèyàn kò rí tà ní gbogbo ìgbà tó ti ilẹ̀kùn. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tuntun ṣí níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Inú mi dùn sí i, ó ń fún èèyàn níṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó ní yàrá mẹ́jọ péré kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló kù tó lè tà.

Ẹ̀yáwó ńkọ́? Ìjì Helene tún da omi àti yanrìn sínú ìlú yìí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Milton tẹ̀ lé e kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, àárín wàhálà yẹn gan-an, àjọ SBA, tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́, kéde pé owó tí òun fi ń yá àwọn tí àjálù bá ti tán. Oṣù Kejìlá ni àwọn aṣòfin tó fi òmíràn kún un. Ẹ wo àkókò tó bọ́ sí! Ìgbà òtútù, láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin, ni àwọn ará àríwá máa ń ya wá síbẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n ń pa owó tí wọn yóò fi jẹun lọ́dún. Ẹni tí kò bá tètè ṣílẹ̀kùn, ọdún ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á sì ti wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn.

Àwọn kan fi tírélà àti ọkọ̀ oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ilé wọn ti wó. Ìgboyà ni mo pe ìyẹn. Ṣùgbọ́n àjọ FEMA, tó ń bójú tó ọ̀ràn àjálù fún ìjọba àpapọ̀, kò fẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pẹ́ níbi tí omi ń dé, ó sì fi ìlú náà sábẹ́ ìṣọ́ nínú ètò ìbánigbófò omi ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 nítorí àwọn òfin àgbàrá omi tí wọn kò tẹ̀ lé. Ìbẹ̀rù wọn kò ṣàjèjì sí mi: tírélà tí omi bá gbé lè wó ilé onílé.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí wọ́n fún oníṣòwò tí ó ti kọ̀wé béèrè àṣẹ ìkọ́lé láyè láti máa tajà nínú tírélà tó ní táyà, tó ṣeé so mọ́ ọkọ̀, títí ilé rẹ̀ yóò fi parí. Kí ó fọwọ́ síwèé pé nígbàkígbà tí ìjọba bá ní kí ará ìlú kúrò nítorí ìjì, òun yóò wọ́ ọ kúrò lórí erékùṣù, bí kò bá sì ṣe é, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Kí àwọn aṣòfin sì fi owó sínú àpò SBA kí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, tí ìgbà ìjì ń bẹ̀rẹ̀, tó dé lọ́dọọdún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín