Lẹ́tà sí Dèjì: ṣé òṣìṣẹ́ ni mí àbí kọ́ńtíráátọ̀?

Ìmọ́wò, Ìjẹ̀bú-Òde,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 2026.

Dèjì ọ̀rẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé ìwọ ni lẹ́tà kàn, nítorí èmi ni mo kọ èyí tí ó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n lè dúró de ẹni tí ó kàn. Ara ìyá rẹ le, mo rí wọn ní ọjà Òkè-Ajé, wọ́n sì ní gàrí rẹ ti wà nílẹ̀, ẹni tí yóò gbé e dé Leeds ni kò sí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé ìwé kan síwájú mi ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ṣágámù, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Ojú ewé méjì péré ni. Ó ní kọ́ńtíráátọ̀ tí ó dá dúró ni mí, pé irinṣẹ́ ara mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́, pé ìgbà tí ó bá wù mí ni mo ń wá, àti pé mo lè rán ẹlòmíràn dípò ara mi. Aṣọ iṣẹ́ búlúù tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn sí láyà ni ó wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kà á, sípánà wọn sì wà nínú àpò mi. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí, àfi ìgbà tí ojú mi bá déètì tí ó wà nísàlẹ̀: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2020. Bébà náà ṣì gbóná lọ́wọ́ mi láti inú ẹ̀rọ tí ó tẹ̀ ẹ́!

Ohun tí ó fà á ni pé àwọn agbowó-orí wá yẹ ìwé wọn wò ní oṣù tó kọjá, wọ́n sì rí i pé àwa méjìlá kan wà tí à ń gba iye kan náà ní ọjọ́ 28 oṣooṣù láìyẹ̀, tí orúkọ wa kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ PAYE, owó-orí tí agbanisíṣẹ́ ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́. Withholding nìkan, owó-orí tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ kí wọ́n tó san owó fún kọ́ńtíráátọ̀, náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n ń yọ lórí owó wa. Bí a bá jẹ́ òṣìṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó máa yọ PAYE, kí ó sì san án fún ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí a bá jẹ́ kọ́ńtíráátọ̀, èmi fúnra mi ni n ó ṣírò owó tó wọlé fún mi, tí n ó kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá, pẹ̀lú rìsíìtì withholding tí yóò fi hàn pé mo ti san lára rẹ̀. Èmi kò rí rìsíìtì kan ṣoṣo gbà rí.

Mo lọ bá lọ́yà inú regbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Ó ní orúkọ tí wọ́n kọ sórí bébà kọ́ ni ilé-ẹjọ́ ń wò, bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an ni. Ó mẹ́nu kan ẹjọ́ Shena Security àti Afropak tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní ọdún 2008: ṣé owó oṣù ni ẹni náà ń gbà, ta ni ó ni irinṣẹ́, ṣé wọ́n dá wákàtí fún un, ṣé ó lè fa iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́? Ibi tí ó dé èyí ni mo ti dá a dúró. Nígbà tí ibà dá mi wó ní oṣù kọkànlá, mo rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ, ẹni tí ó mọ jẹnẹrétọ̀ wọn bí ẹní mowó. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dá a padà, ó ní, “Ọ̀gá rẹ la mọ̀, ní kó gbé ara rẹ̀ wá.” Mo wọ súwẹ́tà méjì, mo fi ibà gun ọkọ̀ lọ sí Ṣágámù, wọ́n sì tún kọ mí sínú rẹ́jísítà pé mo pẹ́ dé.

O rántí bí o ṣe ń bínú nígbà tí wọ́n yí òfin owó-orí àwọn kọ́ńtíráátọ̀ tiyín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà ní oṣù kẹrin ọdún 2021, tí ó fi di pé ilé-iṣẹ́ ńlá tí o ń bá ṣiṣẹ́ ni ó ń pinnu irú ẹni tí o jẹ́, tí mo sì ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti kàn mí báyìí. Mo tilẹ̀ wọ orí CEST, ìbéèrè orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí HMRC, àwọn agbowó-orí tiyín, ṣe láti fi mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ ni ènìyàn, èyí tí o fi hàn mí, mo dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ Leeds ni Ṣágámù wà. Ó ní òṣìṣẹ́ ni mí. Mo mọ̀ pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de ẹnikẹ́ni ní Rẹ́mọ, síbẹ̀ inú mi dùn bí ẹni pé adájọ́ ló sọ ọ́.

Owó-orí gan-an kọ́ ni ó ń dùn mí, nítorí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún yìí kò bu owó-orí lé 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kan. Pẹ́ńṣọ̀n ni. Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ dá 10. Ìyàwó mi ti ṣírò ti ọdún mẹ́fà náà sí ẹ̀yìn káléńdà, láti ìgbà náà ni kò sì ti fẹ́ẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni pé èmi ni mo jẹ owó náà.

Mẹ́jọ nínú àwa méjìlá ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, n kò ní purọ́ fún ọ.

O lè ti fura sí ìdí tí mo fi ń rìn yí ilé ká kí n tó wọlé. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni ìwé náà ti wá. Wọn kò pariwo mọ́ mi, wọ́n kàn rọra ti báírò sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní, “Múyìíwá, àbúrò mi ni ọ́, má jẹ́ kí wọ́n bá wa wí.” Àwọn náà ni wọ́n mú mi wọ ibẹ̀, n kò sì lè wo ojú wọn jiyàn. Mo tọrọ ààyè, wọ́n fún mi di ọjọ́ Ẹtì. Jọ̀wọ́, bá mi pè wọ́n. Kí wọ́n jẹ́ kí a kọ déètì òní sí ìwé náà, kí a sì kọ ọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n wá rìsíìtì mi jáde kí oṣù kẹta tó parí. Má sọ pé mo kọ̀wé sí ọ. Ṣe bí ẹni pé ìyá yín ló sọ fún ọ.

N ó ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, n ó sì fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí bí a bá ní ká dúró de ilé-ìfìwéránṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì yóò ti kọjá. Bí ìlà rẹ̀ bá ń já, má bínú: báírò wọn ni mo fi ń kọ ọ́, mo gbé e wálé láìmọ̀.

Èmi ni,
Múyìíwá