Ta ló fi pásítọ̀ ṣe adènà ọ̀run?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n fèsì sí lẹ́tà òǹkàwé láti Pobẹ̀ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó gbóṣùbà fún pásítọ̀ kan tó dúró létí sàréè ìyá arúgbó kan, tó sọ fún àwọn ọmọ olóògbé pé kí wọ́n má wulẹ̀ tan ara wọn jẹ, ìyá wọn ti wà nínú iná. Ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ni pé wọn kò rì í bọ omi. Omi ni wọ́n wọ́n sí i lórí nígbà tó wà ní kékeré. Òǹkàwé yín ní òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pásítọ̀ sọ, pé òtítọ́ a máa korò.

Oníwàásù ni èmi náà, ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin. Mi ò kì í ṣe pásítọ̀ o. Mo wà lára àwọn tí wọ́n máa ń rán lọ sí ìletò lọ́jọ́ Ìsinmi tí pásítọ̀ kò bá ráyè. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo ohun tí ìgbàgbọ́ Kristẹni ní í sọ nípa ẹni tí yóò wọ ọ̀run, alààyè ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n fún láṣẹ láti fi dá òkú lẹ́jọ́.

Kí n kọ́kọ́ fún òǹkàwé yín ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Jésù sọ fún Nikodému pé bí a kò bá fi omi àti Ẹ̀mí bí ènìyàn, kò lè wọ ìjọba Ọlọ́run. Ó wà nínú Jòhánù orí kẹta, mi ò sì ní yọ ọ́ kúrò. Jésù kan náà ló sọ pé kò sí ẹni tó lè wá sọ́dọ̀ Baba bí kò ṣe nípasẹ̀ òun. Èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ nípa ọ̀run pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo gbà pé ọ̀nà kan ló wọ̀ ọ́, Jésù sì lọ̀nà náà. Iná ọ̀run àpáàdì pàápàá, Jésù fúnra rẹ̀ wàásù rẹ̀ ju Pọ́ọ̀lù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi kìlọ̀ fún èmi tí mo ṣì ń mí, kó kìlọ̀. Mo nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ omi kò sọ iye omi. Àgùdà ń da omi síni lórí, àwa náà ń wọ́n ọn, àwọn Onítẹ̀bọmi ń ri ènìyàn bọ inú odò, orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ kan náà ni gbogbo wa ń pè. Ká wá sọ pé Ọlọ́run ń wọn omi ni?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Gọ́lígọ́tà. Nínú Lúùkù orí kẹtàlélógún, àwọn arúfin méjì ni wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú pẹ̀lú Jésù. Ọ̀kan fi í ṣe ẹlẹ́yà. Èkejì ní, "Jésù, rántí mi nígbà tí ìwọ bá dé ìjọba rẹ." Ó parí nìyẹn. Ọkùnrin yìí kò tẹ̀ bọmi, wọn kò wọ́n omi sí i lórí, kò san ìdá mẹ́wàá, kò dá ohun tó jí padà fún ẹni tó ni ín, torí kò sáyè mọ́. Èsì tó gbà ni pé, lónìí ni ìwọ yóò wà pẹ̀lú mi ní Párádísè. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ ká ní pásítọ̀ tí a ń wí yìí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ìyá olè yìí sì dúró nísàlẹ̀ igi tó ń sunkún. Kí ni yóò sọ fún un? Yóò sọ fún un pé olè lọmọ rẹ̀, pé kò tẹ̀ bọmi, pé iná ló lọ. Gbogbo ohun tó sọ nípa ayé ọkùnrin náà yóò jẹ́ òótọ́, èyí tó sọ nípa ọ̀run rẹ̀ nìkan ni yóò jẹ́ irọ́. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ tó kọjá láàárín ẹni tó ń kú lọ àti Olúwa rẹ̀ kì í ta sétí gbogbo èrò. Ta ló wà lẹ́bàá ibùsùn ìyá Pobẹ̀ yẹn lóru ọjọ́ tó kú? Mo mọ̀ pé kì í ṣe pásítọ̀, torí òǹkàwé yín fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọjọ́ ìsìnkú ni pásítọ̀ kọ́kọ́ dé ilé wọn.

Kọ̀nílíù ará Róòmù náà ńkọ́? Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹwàá, Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé òun àti ará ilé rẹ̀ nígbà tí ìwàásù kò tíì parí, kí ẹnikẹ́ni tó bu omi. Pétérù ló wá ń sáré wá omi lẹ́yìn.

Bí mo bá sì ní kí n bẹ̀rù ibì kan nínú Bíbélì, Mátíù orí keje ni. Àwọn tí Olúwa sọ fún níbẹ̀ pé "Èmi kò mọ̀ yín rí," wọn kì í ṣe abọ̀rìṣà. Àwọn tó fi orúkọ rẹ̀ sọ àsọtẹ́lẹ̀ ni, tí wọ́n fi lé ẹ̀mí èṣù jáde. Àwọn oníwàásù ẹgbẹ́ mi. Nínú orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìwé kan náà, tọ̀tún tòsì ni ẹnu yà. Àwọn tó wọlé ń bi Olúwa pé nígbà wo ni àwọn rí i tí ebi ń pa á tí àwọn fún un lóúnjẹ. Àwọn tó kù síta náà ń bèèrè nígbà wo. Bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kò bá mọ ibi tí àwọn yóò dúró, báwo ni àjèjì kan ṣe mọ̀ ọ́n lórí pósí?

Àwọn ìjọ ti jà lórí ọ̀ràn yìí ju bí òǹkàwé yín ṣe rò lọ. Láti 1517 tí Martin Luther ti dìde ni Àgùdà àti Pùròtẹ́sítáǹtì ti ń bú ara wọn: ṣé ìgbàgbọ́ ló ń gba ènìyàn là, àbí iṣẹ́ rere? Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1999 ni Àgùdà àti àwọn ọmọlẹ́yìn Luther tó fọwọ́ síwèé pọ̀ ní Augsburg, ní Jámánì. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2006. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé oore-ọ̀fẹ́ ni, nípa ìgbàgbọ́ nínú ohun tí Kristi ṣe, kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rere ń tẹ̀ lé e bí èso. Tó bá jẹ́ oore-ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó ń ṣe oore náà ló mọ ẹni tó ṣe é fún.

Àwa ará Àjàṣẹ́ kò sì lè sá fún ìbéèrè àwọn baba ńlá wa. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo níbí, ẹ ó rí ẹni tó ń kírun ní Mọ́sáláṣí Ńlá (èyí tí àlejò máa ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí bí àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá ṣe kọ́ iwájú rẹ̀), ẹ ó rí Àgùdà, ẹ ó rí aláṣọ funfun Sẹ̀lẹ́, tí ìjọ wọn bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa yìí ní 1947, ẹ ó sì rí ẹni tí Zàngbétọ́ tàbí Egúngún ilé wọn ṣì ń jáde. Ọdún 1862 ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn àlùfáà Àgùdà dé ní 1864. Àjàyí Crowther dé Kétu ní 1853, ṣùgbọ́n 1884 ni Bíbélì Yorùbá tó pé odindi, ogun Dàhòmì sì fọ́ ìlú Kétu túútúú ní 1886. Àwọn tó ti kú kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé etí wọn ńkọ́?

Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage níbí ní Áfíríkà wa, sọ ní nǹkan bí 1,750 ọdún sẹ́yìn pé kò sí ìgbàlà lẹ́yìn òde Ìjọ. Àwọn tó wà nínú Ìjọ tí wọ́n ń fà á ya ló ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́ rí. Ní 1964, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà ní Róòmù kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí kò mọ Kristi, tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, tó ń fi òótọ́ inú wá Ọlọ́run, tó sì ń ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ sọ, lè rí ìgbàlà nípa oore-ọ̀fẹ́. Pọ́ọ̀lù ti sọ ohun tó jọ ọ́ nínú Róòmù orí kejì nípa òfin tí a kọ sínú ọkàn. Tiwa náà wà níbẹ̀. Ní 1790, ọdún kan kí John Wesley tó kú, ó wàásù pé òun kò rí àṣẹ nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láti dá ẹni tó wà lóde lẹ́jọ́, pé kò sì sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá gbogbo kèfèrí àti Mùsùlùmí ayé lẹ́bi. Ó sàn ká fi wọ́n sílẹ̀ fún Ẹni tó dá wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìjọ ajíhìnrere kò gbà bẹ́ẹ̀, pé lójú tiwọn, ẹni tí kò fẹnu jẹ́wọ́ Jésù kò ní ìrètí. Ẹ̀kọ́ wọn nìyẹn. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí ènìyàn kọ́ni bẹ́ẹ̀ àti kó na ìka sí òkú ìyá oníyàá.

Ẹ wo Ìjọ Àgùdà. Èmi kì í gbàdúrà sí ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí wọ́n tó sọ pé ẹnì kan wà lọ́run, wọ́n á wádìí ayé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á wá ẹ̀rí iṣẹ́ ìyanu. Bí wọ́n sì ti dàgbà tó yẹn, wọn kò tíì dárúkọ ẹnì kan rí pé ó wà ní ọ̀run àpáàdì. Júdásì pàápàá, wọn kò kéde rẹ̀. Pásítọ̀ Pobẹ̀ fi ọ̀sán kan parí ohun tí Róòmù kò dábàá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Kí n má sì ṣe bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń jẹ̀bi. Ìsìnkú olówó ni kí ẹ lọ. Bí aṣọ ẹgbẹ́ bá ti pọ̀, tí fànfáà ń fọn, tí wọ́n pa màlúù, gbogbo ẹnu ni yóò ti gbà pé bàbá ti wà ní oókan àyà Ábúráhámù, ìbáà jẹ́ pé gbogbo ọjà Wàǹdó ló mọ owó tó kó jẹ. Ẹni tó ń sọ èyí àti ẹni tó ń sọ tìyá Pobẹ̀, àṣẹ tí kì í ṣe tiwọn ni àwọn méjèèjì ń lò. Ká tilẹ̀ gbà pé adènà ni oníwàásù: ẹni tí wọ́n fi sọ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, kò torí ẹ̀ di Alákétu, ọba ìlú.

Mo ní ohun kan láti béèrè lọ́wọ́ òǹkàwé yín. Kó fi ẹsẹ kan ṣoṣo hàn mí, nínú Májẹ̀mú Láéláé tàbí Titun, níbi tí Olúwa ti ní kí ìránṣẹ́ rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ ibi tí òkú wọn wà. Bó bá rí i, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, mo máa kà á. Bí kò bá rí i, kó mú pásítọ̀ rẹ̀ dání, kí wọ́n jọ lọ bẹ àwọn ọmọ ìyá náà.

Èmi ni tiyín nínú Kristi,
Oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì kan, Àjàṣẹ́