Ilé kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun Safari Zone

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ géèmù Pokémon Red, tó jáde ní Japan lọ́dún 1996, ni mo bá wá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àbúrò mi fi wá Surf, agbára tí ẹranko inú rẹ̀ fi ń gbé èèyàn la omi kọjá. Ojú ọmọ náà pọ́n, ó fẹ́ pa á tì.

Inú Safari Zone, ọgbà ẹranko tó wà nílùú Fuchsia nínú géèmù náà, ni Surf wà. Ẹ ó san 500 nínú owó géèmù náà, ìṣísẹ̀ 500 péré sì ni wọ́n fún yín. Nítorí náà, ẹ má dúró mú ẹranko kankan! Ilé tó wà ní ìpẹ̀kun ni kẹ́ ẹ kọrí sí. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ yóò fún yín ní HM03, ìyẹn ohun tí ẹ ó fi kọ́ ẹranko yín ní Surf, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bá wọn ṣa eyín wúrà tó wà nílẹ̀ nítòsí ibẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà ló ni ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ yan ẹranko tí ẹ ó fi Surf kọ́. Kò ní lè gbàgbé rẹ̀ mọ́ láé, ààyè agbára mẹ́rin péré ló sì ní. Èmi fi Cut, agbára tí wọ́n fi ń gé igi, kọ́ Charizard mi nígbà yẹn, ó ṣì ń dùn mí. Àbúrò mi fún Blastoise ní Surf, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá ku kó borí Koga, ọ̀gá ìjà ìlú Fuchsia, kó gba àmì-ẹ̀yẹ Soul Badge lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó lè wọ omi.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òṣogbo