Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù l'Ádó-Èkìtì níbí ni mo bá wá. Bí ọmọ bá ti fẹsẹ̀ rọ́ báyìí, wọ́n á sáré fi omi gbígbóná jó o, wọ́n á fi báàmù fà á, ọmọ á máa ké, wọ́n á ní ṣebí ọkùnrin ni ẹ́, àbí kí lèyí? Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, omi dídì tí wọ́n fi aṣọ wé ló yẹ kí wọ́n gbé lé e fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀hún sókè, tí kò bá wá lè fi tẹlẹ̀ rárá, ó di X-ray nìyẹn. Fisió, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń dá agbára padà sí ibi tó fara pa, kì í ṣe ìfọwọ́ra lásán o, wọ́n á ní kí ọmọ dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kó máa nàgà lórí ìka ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ibẹ̀ á fi lágbára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú ibẹ̀ náà ló tún máa rọ́. Ti orúnkún ló tiẹ̀ le jù, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ACL fún, ìyẹn iṣan tó so egungun pọ̀ nínú orúnkún, ó kéré tán oṣù 9 kó tó padà sí pápá, àmọ́ àwọn tiwa á ti fẹ́ gbá fáínà lóṣù kẹta! Ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi oníṣẹ́ fisió kan sí pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé, ó kéré tán lọ́jọ́ tí ìdíje bá wà.