Kí ẹni tó ń kọ̀wé ìtọ́jú àgbà má jẹ́ ẹni tó ń gbowó rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, nínú èyí tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé ìjọba Amẹ́ríkà ń rán olùtọ́jú lọ bá arúgbó nínú ilé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó sì rọ ìjọba Èkó pé kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ kò fọwọ́ kan ibi tí iṣẹ́ wà gan-an. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń pèsè olùtọ́jú fún àwọn àgbà láti Ẹ̀búté Mẹ́tta títí dé Ṣómólú ni mo sì ń bójú tó báyìí. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ìpínlẹ̀ Texas, lábẹ́ Medicaid, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tí òǹkọ̀wé yín ń yìn, nítorí náà ohun tó ń lọ nínú ètò ọ̀hún kò ṣàjèjì sí mi.

Kì í ṣe gbogbo arúgbó Amẹ́ríkà ni ètò náà wà fún. Ètò méjì, Medicare àti Medicaid, ni wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1965, nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin wọn. Medicare, tó wà fún ẹni tó bá ti pé ọdún 65, ń sanwó dókítà àti ti ọsibítù, ṣùgbọ́n kì í sanwó ẹni tí yóò máa wẹ arúgbó, tí yóò máa wọṣọ fún un, tí yóò máa fún un lóúnjẹ láti oṣù dé oṣù. Medicaid ló ń san ìyẹn, àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ni ó sì wà fún. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí owó tí arúgbó tó ń dá gbé ní nípamọ́ bá ti ju 2,000 dọ́là lọ, kò lè wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà ka ilé tó ń gbé mọ́ ọn. Wọn yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àìlera rẹ̀ tó èyí tí ì bá gbé e dé ilé ìtọ́jú arúgbó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, owó oúnjẹ rẹ̀ àti owó ilé tó ń gbé kò sí lára ohun tí ètò ìtọ́jú inú ilé náà ń san.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, kí owó Medicaid tó tẹ̀lé aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, àfi kó wà ní ọsibítù tàbí ní ilé ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin kan láti ìpínlẹ̀ Iowa, Katie Beckett, ló tú àṣírí àléébù yìí. Ẹ̀rọ ló fi ń mí, àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sílé, owó tí ìtọ́jú ilé yóò gbà kò sì tó ti ọsibítù, síbẹ̀ bó bá ti lè kúrò lórí ibùsùn ọsibítù, owó ìjọba dúró nìyẹn. Ààrẹ Ronald Reagan mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba lọ́dún 1981, ọdún yẹn náà sì ni òfin gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti máa fi owó Medicaid tọ́jú ènìyàn nínú ilé àti ní àdúgbò rẹ̀, bí owó rẹ̀ kò bá ti ju ohun tí wọn ì bá ná sí ilé ìtọ́jú lọ. Lọ́dún 1999, nínú ẹjọ́ Olmstead, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ dá a pé ẹ̀tanú tí òfin kọ̀ ni kí wọ́n ti ẹni tó ní àìlera mọ́ ilé ìtọ́jú nígbà tó lè máa gbé láàárín ará àdúgbò. Nígbà tó fi di 2013, owó tí Medicaid ń ná sórí ìtọ́jú inú ilé àti àdúgbò ti ju èyí tó ń ná sórí ilé ìtọ́jú lọ.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ Èkó mú kí wọ́n tó mú ìyókù: ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé arúgbó nílò ìtọ́jú báyìí báyìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò gba owó ìtọ́jú náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó jáde lọ́dún 2014 sọ ọ́ láìfi bò. Ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè ìtọ́jú, tàbí ẹni tó ń gbowó oṣù lọ́dọ̀ rẹ̀, kò lè ṣe ìwé ètò ìtọ́jú fún oníbàárà rẹ̀, àfi ní àgbègbè tí kò ti sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Olùṣètò tó dá dúró ni yóò jókòó ti arúgbó àti àwọn ará ilé rẹ̀, tí yóò bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́, ohun tó lè dá ṣe àti èyí tí kò lè dá ṣe, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wákàtí mélòó ni lọ́sẹ̀, irú iṣẹ́ wo ni, ta ni yóò sì ṣe é. Ó pẹ́ tán, wọn yóò tún un yẹ̀ wò láàárín oṣù 12. Bí ìwé náà bá sọ wákàtí 20 lọ́sẹ̀, owó wákàtí 20 ni àbúrò mi yóò rí gbà. Bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe 25, márùn-ún tó lé di sàráà.

Ẹ wá wo bí a ti ń ṣe é níbí. Ọmọ tó wà ní London yóò pe ilé-iṣẹ́ kan lórí fóònù, ilé-iṣẹ́ yóò rán nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ wo Bàbá, nọ́ọ̀sì yóò kọ̀wé, ìwé náà ni wọn yóò sì fi ṣírò owó. Bàbá kan wà lágbègbè Ojúẹlẹ́gba tí wọ́n kọ ọ́ fún pé ó gbọ́dọ̀ gba olùtọ́jú méjì, ọ̀kan ọ̀sán, ọ̀kan òru, kí wọ́n sì háyà ibùsùn ọsibítù fún un. Bàbá yìí ń fi ọ̀pá rẹ̀ rìn lọ kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí tó wà níkàngun òpópónà wọn. Gbogbo ohun tó nílò kò ju ẹni tí yóò dúró tì í nígbà tó bá ń wẹ̀ láàárọ̀, kó má baà yọ̀ ṣubú, kó sì rí i dájú pé ó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni àwọn ọmọ fi san owó ọ̀sán àti òru. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan. A kì í gbé iṣu fún ewúrẹ́ ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí gbogbo wa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń jẹ nìyẹn, àwọn oníbàárà kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n lè lọ béèrè.

Ní Amẹ́ríkà, kí ilé-iṣẹ́ tó rí oníbàárà kan ṣoṣo, ìpínlẹ̀ yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò, yóò ti bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, yóò sì ti wá orúkọ àwọn tó ni ín nínú ìwé àwọn tí ìjọba àpapọ̀ ti lé kúrò nínú ètò ìlera nítorí jìbìtì tàbí nítorí pé wọ́n hùwà ìkà sí aláìsàn. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa wá orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. N kò tíì rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ẹni tí wọ́n lé nílé kan ní Yábàá lónìí nítorí pé ó lu ìyá arúgbó lè wà nínú ilé mìíràn ní Gbàgádà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tuntun.

Ọ̀rọ̀ wákàtí tún wà níbẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016 ní kí ẹ̀rọ máa jẹ́rìí sí iṣẹ́ olùtọ́jú tó ń lọ sílé. Nǹkan mẹ́fà ni ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mú: irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é, àti aago tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aago tó parí. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣe é. Bí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ kò bá bá ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi béèrè owó mu, owó lè má wọlé. Àbúrò mi ń ráhùn lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn kan tó ní àìlera ara sì ń bínú pé ńṣe ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ àwọn bí ẹni ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Mo gbọ́ ẹjọ́ wọn, síbẹ̀ ohun tí ojú mi ti rí kò jẹ́ kí n kórìíra ẹ̀rọ náà.

Àwọn ará ilé kan ní Akọ́ka pè mí pé kí n wá bá wọn wo ìyá wọn tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Wákàtí méjì méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí Màmá padà kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ olùtọ́jú, mo rí "a yí Màmá" ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mẹ́wàá, méjìlá, méjì, mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bírò kan náà, láìsí ìlà kan tó wọ́. Ó ti kọ ti aago mẹ́fà àti ti mẹ́jọ alẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Nígbà tí mo ká aṣọ kúrò, awọ ìbàdí Màmá ti pọ́n, ibì kan sì ti bó.

Ìbínú mi ì bá dá lórí ọmọbìnrin náà bí n kò bá bi í léèrè ọ̀rọ̀. Òun nìkan ló wà nínú ilé yẹn tọ̀sán tòru, kò sí ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá sì wúwo ju ohun tí ẹnìkan lè dá gbé lọ. Éjẹ́ǹtì tó mú un wá ti kó owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Nínú owó tí àwọn ọmọ Màmá ń san fún ilé-iṣẹ́ lóṣooṣù, ìdajì pàápàá kì í dé ọwọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ kò sì mọ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn rí pé wọ́n lè béèrè.

Amẹ́ríkà pàápàá kò tíì yanjú èyí. Owó tí àwọn olùtọ́jú ń gbà lọ́hùn-ún kéré, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ léraléra. Òfin tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024 sọ pé, fún àwọn iṣẹ́ kan lára ìtọ́jú inú ilé, 80 nínú 100 owó tí Medicaid bá san gbọ́dọ̀ jẹ́ ti owó iṣẹ́ àti àjẹmọ́nú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fún àwọn ìpínlẹ̀ láti múra sílẹ̀ dè é. Àwọn onílé-iṣẹ́ pariwo pé kí ni àwọn yóò fi san owó ọ́fíìsì àti owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Onílé-iṣẹ́ ni èmi náà, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, n kò sì ní sọ pé 80 ni kí Èkó mú. Àmọ́ kí iye kan wà, kí ó wà lákọsílẹ̀, kí olùtọ́jú àti ẹbí aláìsàn jọ mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé owó ń ṣàn lọ́hùn-ún bí omi. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti fi gbèdéke sí iye ènìyàn tí ètò ìtọ́jú inú ilé yìí lè gbà, àwọn tí orúkọ wọn sì wà lórí ìwé, tí wọ́n ń retí kó kàn wọ́n káàkiri ilẹ̀ náà, ju ìdajì mílíọ̀nù lọ.

Ní tiwa, ìpìlẹ̀ kan ti wà. Òfin adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ tó jáde lọ́dún 2022 sọ adójútòfò di dandan, ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní. Ìjọba Èkó ní ètò adójútòfò ìlera tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó, Gómìnà Sanwó-Olú sì pàṣẹ lọ́dún 2024 pé kí adójútòfò di dandan ní ìpínlẹ̀ yìí pẹ̀lú. Èkìtì ti gbìyànjú láti ọdún 2011, nígbà tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní 5,000 náírà lóṣù. Ẹ̀bùn tó wúlò ni, ṣùgbọ́n owó kì í yí ẹni tó dùbúlẹ̀ padà lórí ibùsùn. Bí Ìlera Èkó bá fẹ́ na ọwọ́ dé inú ilé, kò pọn dandan kó bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Kó mú Sùúrùlérè àti Lagos Mainland nìkan. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ni kó máa lọ yẹ arúgbó wò nílé, kí wọ́n sì máa kọ ìwé ètò ìtọ́jú, nítorí ìjọba ló ń san owó oṣù wọn, wákàtí tó pọ̀ tàbí tó kéré kò kàn wọ́n lápò. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi tèmi yóò wá ṣe ohun tó wà nínú ìwé náà, fóònù olùtọ́jú yóò jẹ́rìí sí wákàtí, kó máa gba àkọsílẹ̀ pamọ́ nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí gbogbo wa mọ bí Èkó ti rí. HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn, ni kí wọ́n fún ní iṣẹ́ ìwé orúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan arúgbó mọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò bínú sí lẹ́tà yìí, nítorí yóò mú wákàtí kúrò lọ́wọ́ wa. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé, bí akọ̀ròyìn yín bá tún dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ Ìlera Èkó, kó má kàn béèrè ìgbà tí ìtọ́jú arúgbó yóò di ọ̀fẹ́. Kó béèrè ta ni yóò máa kọ ìwé ètò ìtọ́jú, lọ́dọ̀ ta ni ẹni náà ti ń gbowó oṣù, àti mélòó nínú 100 náírà ni yóò dé ọwọ́ ẹni tó ń yí Màmá padà lóru. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ìdáhùn wọn jáde bí wọ́n bá ti fún yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ẹ̀búté Mẹ́tta, Èkó.