Sí Àjọkẹ́, lórí Miata tí o fẹ́ fi tọrẹ

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ pé o fẹ́ fi mọ́tò Mazda Miata rẹ yẹn ta àjọ aláàánú lọ́rẹ, pé wọ́n ní àwọn á wá wọ́ ọ lọ lọ́fẹ̀ẹ́, owó orí rẹ á sì tún dín kù lé e. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ ìfúnni rẹ gbẹ. Ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí a bá ń tọrẹ náà ńkọ́?

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí mọ́tò náà ń lọ. O ní ó wù ọ́ kí ìyá ọlọ́mọ kan tí kò ní ọkọ̀ máa fi lọ síbi iṣẹ́. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú rẹ̀, Àjọkẹ́. Ibo ni ìyá yẹn máa gbé ọmọ sí? Àwọn àjọ tó ń fún aláìní ní ọkọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó lè gbé ìdílé ni wọ́n ń wá. Irú tìẹ yìí, tí òrùlé rẹ̀ ń ká, gbàǹjo ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ. Ilé-iṣẹ́ alágbàtà tó wá wọ́ ọ á yọ tiwọn nínú owó náà, ohun tó bá ṣẹ́ kù ló máa dé ọ̀dọ̀ àjọ. Bi wọ́n léèrè pé èló gan-an ló ń dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, o ti gbọ́ èsì rẹ.

Ti owó orí yìí ló máa ń tan èèyàn jù. Nígbà kan rí, èèyàn lè wo iye tí irú ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ lọ́jà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn IRS, àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba Amẹ́ríkà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2004 ti fòpin sí ìyẹn láti 2005. Bí àjọ náà bá kàn ta ọkọ̀ rẹ láìlò ó, láìsì tún un ṣe gidi, iye tí wọ́n tà á ni ìwọ náà lè yọ, bó bá ti ju $500 lọ. Wọ́n lè tà á ní $900 nígbà tí ojúgbà rẹ̀ ń lọ ní $4,000. $900 ni tìrẹ. Wọn á fi Fọ́ọ̀mù 1098-C tí iye náà wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tà á. Kì í sì í ṣe pé ìjọba máa ka $900 lé ọ lọ́wọ́ o. Inú owó tó wọlé fún ọ ni wọ́n á ti yọ ọ́ kí wọ́n tó ṣírò owó orí.

Ìyẹn gan-an, àfi ẹni tó bá ń to ìnáwó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sórí Schedule A, ìwé tí wọ́n ń fi mọ́ ìwé owó orí. Ìwọ tí o dá wà, tí o sì ń háyà ilé, kí lo fẹ́ tò síbẹ̀ tí yóò ju $15,750 tí ìjọba yọ kúrò nínú owó tó wọlé fún ẹni tó bá dá wà ní 2025, láìjẹ́ pé ó to ohunkóhun? Láti 2026 ni ẹni tí kì í tò ó tó lè yọ títí dé $1,000 fún ọrẹ tó bá ṣe. Owó ni wọ́n sọ o, wọn ò sọ ọkọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí o ta á fúnra rẹ, kí o sì gbé owó náà fún àjọ tó wù ọ́. Wọ́n á gba gbogbo rẹ̀ láìsí alágbàtà láàárín. O kò ní san owó orí lórí títà náà, torí iye tí o rà á ju iye tí o máa tà á lọ. Bó bá tó $250 tí o fún wọn, gba ìwé ẹ̀rí.

Má sì bẹ̀rù pé kò sẹ́ni tó máa rà á. Ọdún 1989 ni Mazda kọ́kọ́ gbé Miata hàn ní Chicago, tìẹ tí iná iwájú rẹ̀ ń yọjú tó ń wọlé yìí sì wà lára ìran àkọ́kọ́ tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1997. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rà á pẹ̀lú òrùlé yíya, pẹ̀lú wíńdò ẹ̀yìn tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣáà dúró di ìgbà ìrúwé. Ta ló ń ra ọkọ̀ aláìlórùlé nínú yìnyín?

Ohun kan ló lè yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, níbi tí aṣọ òrùlé parí sí. Ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì ń jáde lábẹ́ ọkọ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn. Bí ewé gbígbẹ bá dí i, omi á padà sínú kápẹ́ẹ̀tì, á tún rọra wọnú irin abẹ́ ilẹ̀kùn, irin náà á sì máa dógùn-ún láti inú wá, tí ọ̀dà ìta á ṣì máa dán. Dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o fi àtàǹpàkò tẹ irin yẹn níbi tó sún mọ́ táyà ẹ̀yìn. Bó bá ń rún wómúwómú, owó àtúnṣe á ju owó mọ́tò lọ. Nígbà náà, pe àwọn tó fẹ́ wọ́ ọ, kí wọ́n máa gbé e lọ.

Tàbí kí o wá ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọrùn láti tú, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ á ráyè nídìí rẹ̀. Èyí ló dùn mọ́ mi nínú jù, kí n má parọ́.

Ọ̀nà yòówù kí o gbà, wo orúkọ àjọ náà lórí ojú ewé tí IRS ń to àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ sí. Orúkọ ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ kí o tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Má fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, kí tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn má bàa máa wá bá ọ nílé. Fi tó ọ́fíìsì ọkọ̀ ìpínlẹ̀ rẹ létí, ìgbà náà ni kí o tó dá ìbánigbófò dúró.

Ya fọ́tò irin abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ránṣẹ́ sí mi tí o bá ti wò ó. Màmá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé awò oòrùn òun ṣì wà nínú àpótí iwájú mọ́tò náà, àti pé òun kò fi ìyẹn ta àjọ kankan lọ́rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ