Ẹ Yẹ Inú Igi Ìbọn Wò Kí Ẹ Tó Yí Síkúrù Tírígà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti fèsì sí lẹ́tà arákùnrin wa tó kọ̀wé láti Houston, tó ní bí tírígà tuntun (ohun tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn) tí a fi sínú ìbọn Remington 700, ìbọn ọdẹ tí ilé iṣẹ́ Remington ní Amẹ́ríkà ṣe, bá ń ṣe ségesège, kí a sáà máa yí síkúrù rẹ̀ títí yóò fi gbọ́ràn. Ọdẹ ni èmi náà ní Texas níbí, mo sì gbà pé iṣẹ́ náà kò pẹ́, nítorí ìṣó kékeré méjì péré ló so tírígà mọ́ ara ìbọn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn síkúrù yẹn lè pa ènìyàn.

Àlòkù ni ìbọn tèmi, ara àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1982, tí ènìyàn kò lè ṣí bolt wọn (irin tí a ń fà sẹ́yìn, tí a sì ń tì síwájú láti ki ọta tàbí yọ ọ́) láti yọ ọta àfi tó bá kọ́kọ́ tú safety, ìyẹn ohun tí a ń há kí ìbọn má baà yìn, sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ra tírígà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Nígbà tí mo dán an wò láìsí ọta nínú rẹ̀, bí mo bá ti bolt síwájú pẹ̀lú agbára, abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta a ré bí ẹbìtì, láìjẹ́ pé ìka mi kan tírígà rárá. Ẹni tó bá ti gbé ìbọn tẹ̀lé ènìyàn nínú igbó rí yóò mọ ìdí tí àyà mi fi já.

Mi ò fọwọ́ kan síkúrù, nítorí òun ló ń pinnu bí irin inú tírígà ṣe di ara wọn mú tó, ẹni tó bá sì ń yí i láìmọ ibi tí àrùn wà lè dá kún un. Mo yọ ìbọn kúrò nínú igi rẹ̀, ìyẹn ara onígi tí irin ìbọn jókòó sínú rẹ̀, mo ti bolt náà nígbà ogún, kò ré lẹ́ẹ̀kan. Mo dá a padà sínú igi, ó tún ré. Mo wá fi èéfín àbẹ́là kun ara tírígà náà, mo gbé e wọlé, mo tún yọ ọ́: àmì dúdú kan, tí kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ, ti wà lára igi lápá ọ̀tún. Igi ló ń fún un, tí kò jẹ́ kí ó padà sí àyè rẹ̀ tán. Mo fi fáìlì ha ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí èéfín kò fi lẹ̀ mọ́ ọn mọ́.

Ohun kékeré ló máa ń fa ewu yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, Remington fúnra rẹ̀ pe àwọn ìbọn tó ní tírígà X-Mark Pro padà, nítorí pé gọ́ọ̀mù tí wọ́n lò nígbà tí wọ́n ń tò ó lè ti pọ̀ jù nínú àwọn kan. Kí ẹni tó bá ra àlòkù yẹ nọ́ńbà tó wà lára ìbọn náà wò.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ yọ gbogbo ọta, ẹ dojú ìbọn kọ ibi tí kò sí ènìyàn, ẹ ti bolt pẹ̀lú agbára, ẹ sì fi ìdí ìbọn gbá ilẹ̀ oníkápẹ́ẹ̀tì. Ẹ há safety, ẹ fa tírígà, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ tó wá tú safety: abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ ré. Ẹ fa bolt sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú, kí ẹ rí i pé kò yọ bọ́ sí yín lọ́wọ́, torí ọ̀kan nínú ìṣó méjèèjì náà ló di irin tó ń dá a dúró mú. Ìbọn tí kò bá yege nínú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ yọ bolt rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ ìbọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní San Antonio, Texas